Ètò Ṣáájú Kálàmù: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìwé Samuel Johnson

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohùn díẹ̀ ni ó wà láàrin kíkọ́ ilé àti kíkọ ìwé lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ méjèèjì sì sún mọ́ ara wọn. Ẹni tí yóò kọ́ ilé a kọ́kọ́ ro ilẹ̀, a na okùn, a kan èèkàn mọ́lẹ̀, a sì mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà yóò wà kí ó tó po amọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè ní amọ̀ tí ó dára jù lọ ní ìlú, síbẹ̀ àlejò tí ó bá wọ ilé rẹ̀ yóò máa táràrà kiri, kò ní mọ ibi tí ìyẹ̀wù wà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé sọ ní ọdún yìí nìyí: iṣẹ́ tí ó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ àìsàn tí à ń wí. A fún àwọn ọmọ ní orí ọ̀rọ̀, a ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí "Ọjà Ìlú Wa." Kí a tó pa ẹnu dé, gbogbo wọn ti tẹrí ba, kálàmù ti ń sáré lórí ìwé. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní. Àkùkọ kọ, ó jí, ó kí baba, ó kí ìyá, ó lọ pọn omi, ó bọ́jú, ó jẹ àkàrà, ó mu ẹ̀kọ, ó wọ aṣọ tí ó mọ́. Ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì dúró sọ̀rọ̀ nípa ajá ọ̀rẹ́ náà. Nígbà tí yóò fi dé ẹnu ọjà, ojú ewé méjì ti kún, agogo sì ti lù. Ó sáré fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé ọjà náà dára púpọ̀, òun sì padà sí ilé pẹ̀lú ayọ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tí ọmọ yìí kọ, èdè rẹ̀ sì lè mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ọjà ni a bi í, ojú ọ̀nà ni ó fi dá wa lóhùn.

Àwọn kan a máa wí pé àìsàn ọmọdé ni èyí, pé bí èdè bá ti gbó lẹ́nu rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ ìwàásù tí kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú títí a fi kọrin ìparí. A ti ka lẹ́tà àgbàlagbà tí ìdí tí ó fi kọ ọ́ wà ní ìlà tí ó kẹ́yìn, lẹ́bàá orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀ ni. Ọjọ́ orí kì í wo àìsí ètò sàn. Ńṣe ni ó ń fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i láti fi bo ara rẹ̀. Nítorí náà, dípò kí a máa ka òfin lé yín lórí, a fẹ́ kí a jọ wo ìwé kan tí púpọ̀ nínú yín mọ̀, kí a sì wo bí a ti tò ó, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ìwé náà ni The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ó máa pè é ní Ìwé Ìtàn.

A bí Samuel Johnson ní ọdún 1846 ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé ni àwọn òbí rẹ̀ mú un padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Olùkọ́ ilé-ìwé ni òun pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìbàdàn ni ó ti kọ́ àwọn ọmọ kí a tó fi í jẹ àlùfáà, kí ó sì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ní àkókò ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tí ń rù iṣẹ́ àlàáfíà lọ tí wọ́n sì ń rù ú bọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi ń ṣa ìtàn jọ, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Ohun tí ó dùn ún ni pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé mọ ìtàn Róòmù, ti Gíríìkì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ìtàn baba tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro irú ẹrù tí ó wà lórí ọkùnrin yìí. Àwọn arókin Ọ̀yọ́ sọ tiwọn fún un, ọba lẹ́yìn ọba. Àwọn jagunjagun sọ tiwọn, ogun lẹ́yìn ogun. Àwọn àgbà bí David Kukomi nínú ìjọ Ìbàdàn, àti Lágunjú tí ó jẹ Tìmì Ẹdẹ, sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí a sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ilé kan kò bá ti ilé kejì mu, oríkì ń jó láàrin, orúkọ ìlú pọ̀ bí eṣú. Bí ó bá ṣe pé bí ó ti ń gbọ́ ọ ni ó ń kọ ọ́, òkìtì ni ì bá fi sílẹ̀ fún wa. Òkìtì náà ì bá níye lórí, ṣùgbọ́n ta ni ì bá lè gùn ún?

Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè Yorùbá, ó pín Ìwé Ìtàn sí ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, ó sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn náà, ìsìn wọn, ìjọba wọn, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ, bí ìlú àti ìletò wọn ti rí, òfin ilẹ̀ wọn, àti àṣà wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn gan-an nínú ọ̀nà kejì, ó sì pín òun náà sí ìgbà mẹ́rin. Ìgbà kìíní ni ti àwọn olùdásílẹ̀ àti àwọn akọni tí a sọ di òrìṣà. Ìgbà kejì ni ti ìdàgbàsókè ìjọba Ọ̀yọ́, ọlá rẹ̀, àti ìnilára tí ó bá ọlá náà rìn, títí dé orí Aláàfin Abíọ́dún. Ìgbà kẹta ni ti ìdàrú, láti orí Aólẹ̀ títí dé orí Olúewu, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ìgbà kẹrin ni ti bí a ti dá ìtúká náà dúró, láti orí Àtìbà ní Ọ̀yọ́ tuntun, ti ogun láàrin ìlú àti ìlú, àti ti bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe wọlé. Ní ìparí, ó kó àwọn ìwé àdéhùn jọ sí ojú kan, kí wọ́n má bàa dá ìtàn dúró lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ó bá ka ìpín yìí kíá lè wí pé kí ni ó ṣòro níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe fún òǹkàwé. Ní ìgbà kejì ni a pàdé Gáhà, Baṣọ̀run tí ó mú kí ọba lẹ́yìn ọba kú kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀. Bí a bá sọ ìtàn Gáhà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Ọ̀yọ́, ìtàn ìkà ènìyàn kan ni yóò gbọ́; yóò gbọ̀n rìrì, yóò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n òǹkàwé Johnson ti kọjá lára orí tí ó sọ nípa ìjọba. Ó ti mọ ẹni tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì í ṣe, ó ti mọ ipò Baṣọ̀run láàrin wọn, ó ti mọ agbára tí wọ́n ní láti kọ ọba tí ó bá di aninilára. Nítorí náà, nígbà tí Gáhà dé, òǹkàwé rí ohun tí ó burú ju ìkà ènìyàn kan lọ: ó rí oyè tí a dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ìlú, tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ sì fi ń jẹ ìlú run. Johnson kò fi ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ wa ní èyí. Ibi tí ó fi orí kan sí ṣáájú orí kejì ni ó fi kọ́ wa.

Níhìn-ín ni a ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà to ohun tí a mọ̀. A lè tò ó bí ó ti wọ ọkàn wa, a sì lè tò ó bí ẹlòmíràn yóò ti nílò rẹ̀ kí ó bàa lè yé e. Ọ̀nà kìíní kò ná wa ní nǹkan kan, nítorí pé ìrántí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Òun ni ọmọ ilé-ìwé tẹ̀ lé nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní. Ọ̀nà kejì gba ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ó gba pé kí a jókòó, kí a gbé ara wa sí ipò ẹni tí kò mọ ohun tí a mọ̀, kí a sì bi í pé, "Kí ni ìwọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀?" Èyí kò ṣeé ṣe dáadáa nígbà tí kálàmù bá ti ń sáré, nítorí pé gbólóhùn tí a ń kọ lọ́wọ́ a máa gba gbogbo ojú wa.

Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé a fẹ́ràn ènìyàn kí a má sọ àbùkù rẹ̀. Ìgbà kẹrin ni ó gùn jù lọ nínú Ìwé Ìtàn, ibẹ̀ sì ni ètò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Nígbà tí a bá dé ogun Ìjàyè ti ọdún 1860 sí 1862, àti ogun Kírìjì tí ìwé àdéhùn ọdún 1886 kò tíì mú parí tán, àwọn balógun pọ̀ dé ibi pé òǹkàwé ní láti máa ṣí ìwé padà sẹ́yìn láti mọ ta ni ó ń bá ta jà. Bùdó kan kò tíì tú tí a ti ń gbọ́ ti òmíràn. Òtítọ́ ni pé àwọn ogun náà lọ́jú pọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ òpìtàn ni láti tú ohun tí ó lọ́jú pọ̀. A gbà pé ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ogun ayé ọjọ́un, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni Johnson ti gbọ́ ọ, ó sì lè dúró lókèèrè kí ó rí i tán. Ti ìgbà kẹrin, òun fúnra rẹ̀ gbé nínú ayé wọn. Ó mọ ojú àwọn ènìyàn náà, ó sì ṣòro fún un láti fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ ojú jù ni ó ṣòro jù lọ láti tò. Kí ẹ̀yin tí ń kọ̀wé nípa ilé ara yín àti ìlú ara yín fi èyí sọ́kàn: ohun tí a fẹ́ràn jù ni ó nílò ètò jù.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù lọ. Ní ọdún 1899 a fi ìwé tí Johnson fi ọwọ́ kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A retí, a retí, a kò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọdún 1900 àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ bi wọ́n léèrè. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìwé náà ti ṣì sí ibì kan, àwọn kò rí i mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1901, Samuel Johnson kú. Iṣẹ́ tí ó lé ní ogún ọdún ti rá, ẹni tí ó ṣe é sì ti lọ.

Bí ó bá ṣe pé inú ìwé tí ó sọnù yẹn nìkan ni ìtàn náà wà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Samuel ti fi àkọsílẹ̀ púpọ̀ àti ìwé àkọ́kọ́ tí kò tíì tún ṣe sílẹ̀. Láti inú àwọn wọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Àdánù kò sì tán níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ìwé tuntun náà wà nínú ọkọ̀ Appam nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì mú un lójú òkun, tí a sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1917 ni ẹrù náà tó jáde. Ogun fa títẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, Obadiah pẹ̀lú sì kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ni ìwé náà dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, àwọn arákùnrin méjèèjì kò sì sí láyé láti ṣí i wò.

Kí ni ó kù nígbà tí ìwé kìíní sọnù? Àwọn gbólóhùn rẹ̀ tí ó dùn kò kù. Ohun tí ó kù ni àwọn àkọsílẹ̀, àti ìmọ̀ ibi tí olúkúlùkù wọn yóò dúró sí, nítorí pé Obadiah ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Igi ìdáná tí a kò dì kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn. Ìdì tí a fi okùn dì, ọmọdé lè gbé e délé fún wa. Gbólóhùn dáradára ti ẹni tí ó kọ ọ́ ni, bí ó bá sì sọnù, òun fúnra rẹ̀ pàápàá lè má rántí rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ètò jẹ́ ohun tí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni a fi wí pé ẹni tí ó bá to iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ nìkan.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé àwọn ìyá wa kì í mú kálàmù kí wọ́n tó pàlọ́, síbẹ̀ àlọ́ wọn a máa dùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlọ́ náà dáadáa. Ìjàpá lọ lẹ́ẹ̀kíní, ó bọ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́. Ní ìgbà kẹta ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Orin wà láàrin, ibi tí yóò ti wọlé kò sì yí padà. Èyí kì í ṣe àìsí ètò. Ètò tí ó ti wà lọ́kàn láti ìran dé ìran ni, tí kò tún nílò ìwé mọ́. Ọmọ tí ń kọ nípa ọjà kò jogún irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àròkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí ìtàn Sẹ̀gilọlá, tí Isaac B. Thomas tẹ̀ jáde nínú Akéde Èkó ní ọdún 1929 sí 1930, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n á ní ìyẹn ń rìn gbéregbère, ó ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún, síbẹ̀ gbogbo Èkó ń dúró dè é. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni obìnrin inú ìtàn náà ti jẹ́ kí a mọ̀ pé òun wà lórí àìsàn, pé ayé òun ti bàjẹ́, àti pé nítorí kí àwọn ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n ni òun ṣe ń sọ ọ́. Òpin ti dúró ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ ilé rẹ̀ lè yà kí ará oko, kí ó sì tún padà sí ojú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kò wọ ọjà rárá ńkọ́?

A kò fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣì wá gbọ́. A mọ̀ pé àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ti sọ ètò di ẹ̀wọ̀n. Wọ́n a ní kí ọmọ kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá sì yà kúrò níbẹ̀ díẹ̀, wọn a fi tàdáwà pupa fa ìlà sí i. Èyí burú. Okùn tí a na sórí ilẹ̀ wà fún ògiri, ògiri kò wà fún okùn. Bí ọmọ bá rí i lójú ọ̀nà pé ohun tí ó fi sí ìparí ni ó yẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó yí i padà, kí a sì yìn ín.

Báwo ni kí ó ti ṣe é? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni a ń béèrè. Kí ni mo fẹ́ kí ẹni tí yóò kà á mọ̀ nígbà tí ó bá parí? Kí ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ kí èyí tó lè yé e? Èwo nínú ohun tí mo mọ̀ ni kò ní iṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Ká ní ohun tí ó fẹ́ kí a mọ̀ ni pé àwọn obìnrin ìletò ni ó ń bọ́ ìlú. Ètò rẹ̀ lè rí báyìí:

1. Ibi tí ọjà wà, àti ọjọ́ tí a ń ná an.
2. Àwọn tí ń wá, àti ìletò tí olúkúlùkù ti ń wá.
3. Bí a ti to ọjà: àwọn aláta, àwọn alásọ, àwọn ẹlẹ́ran.
4. Obìnrin kan, ẹrù rẹ̀, àti wákàtí tí ó kúrò nílé.
5. Ìrọ̀lẹ́: ohun tí ó rà padà lọ, àti ohun tí ìlú yóò jẹ lálẹ́.

Ìlà márùn-ún ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ ó rí i pé ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí àyè. Àkàrà òwúrọ̀ pẹ̀lú kò rí àyè, àfi bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ni a ti ra ẹ̀wà rẹ̀; nígbà náà, kí ó wọlé ní orí kẹrin, yóò sì dùn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí agogo bá tilẹ̀ lù nígbà tí ó wà ní orí kẹta, olùkọ́ rẹ̀ yóò rí ibi tí ó ń lọ, ọmọ náà yóò sì lè parí rẹ̀ lọ́la láìṣìnà.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá parí iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe sọ ìwé ìlà márùn-ún náà nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. A kò gbàdúrà kí ìwé yín sọnù lójú òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọ́jú okùn àti èèkàn rẹ̀ lè tún ilé kọ́ bí òjò bá wó o. Bí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò bá sì tó o mọ́, àbúrò rẹ̀ yóò lè bá a kọ́ ọ.